Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Kú Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́. Kí ló dé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó múná ní ìta fi máa ń kú bí a bá ti wọ ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ìpàdé, ọ́fíìsì ìjọba tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Ta ló yẹ kó tún un ṣe? Kí sì ni àwa fúnra wa lè ṣe sí i?

Nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ohun tí à ń fẹ́ kò ju pé kí ìpè wọlé lọ. Ẹni tó bá jáde sí àgbàlá kó tó gbọ́ ohùn kò ráhùn, nítorí ẹni tó mọ ìyà tí a jẹ lọ́wọ́ tẹlifóònù NITEL, ilé iṣẹ́ ìjọba, mọ̀ pé ọpẹ́ ló yẹ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Owó wà nínú fóònù báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, tó fẹ́ san owó ilé ìwé, oníbàárà tó ń dúró de alẹ́ẹ̀tì kí aláṣọ tó tú ẹrù sílẹ̀ fún un, ẹni tó ń retí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ kó tó lè parí ìsanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo wọn gbójú lé. Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá ní láti fi aláboyún tó ń rọbí sílẹ̀, kó sáré jáde sí ẹnu géètì kó tó lè pe dókítà, àkókò tí a kò lè rí gbà padà ló ń lọ yẹn. Mi ò rò pé ó yẹ kí a máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbì rédíò ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ìgbì yìí sì ní láti la ohun gbogbo tó wà láàárín wọn kọjá. Afẹ́fẹ́ kò dí i lọ́wọ́ púpọ̀. Pákó àti gíláàsì lásán kì í gbà tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Bílọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ń gbà lára rẹ̀, pàápàá bó bá ṣì tutù lẹ́yìn òjò. Dẹ́kìn tí wọ́n to ọ̀pá irin sí nínú kí wọ́n tó da kọnkéré lé e ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, nítorí ńṣe ni irin máa ń ta ìgbì náà padà síbi tó ti wá. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Faraday, fi ohun tó jọ èyí hàn ní ọdún 1836, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó lálàá fóònù: ó fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo yàrá kan, ó fi iná mànàmáná tó lágbára lu ara yàrá náà láti ìta, kò sì sí èyí tó wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń kọ́lé báyìí. Ilé àtijọ́ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó níbí, máa ń ní fèrèsé onípákó tàbí èyí tí gíláàsì rẹ̀ ń ṣí pẹ́lẹbẹ pẹ́lẹbẹ. Ilé tuntun ń lo páànù alumíníọ̀mù gígùn lórí òrùlé, ilẹ̀kùn irin, irin adènà olè ní ojú fèrèsé gbogbo, àti gíláàsì tó ń dán tí ènìyàn lè fi wo ojú ara rẹ̀ láti ìta. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kun ojú gíláàsì yẹn ló ń mú un dán bẹ́ẹ̀. Ó ń dá oòrùn dúró lóòótọ́, ó sì ń mú yàrá tutù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń bá oòrùn dúró síta. Bí ilé ìjọba bá wá jẹ́ alájà mẹ́ta, tí ọ́fíìsì tí àwọn ará ìlú ń lọ sì wà ní ìsàlẹ̀, láàárín gbùngbùn, tí kò ní fèrèsé tó kọjú síta, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé fóònù wọn kì í dún níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Gbogbo ìgbì kọ́ ló ń la ògiri bákan náà. Èyí tó gùn ń la ògiri kọjá dáadáa ju èyí tó kúrú. Ìgbì 900 MHz tí ìpè GSM àtijọ́ ń gbà gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 33. Ìgbì 3.5 GHz tí ìjọba tà ní oṣù kejìlá ọdún 2021 fún iṣẹ́ 5G kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Nítorí náà ni fóònù tó ń sáré bí àṣá lójú títì ní Ìyànà-Ìbà ṣe lè máa falẹ̀ nínú yàrá tí kò jìnnà sí títì rárá. Bí iṣẹ́ náà bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ògiri sábà máa ń dí i lọ́wọ́ sí i.

Ẹ tún rántí pé ọ̀nà méjì ni ìpè ń gbà. Òpó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù náà gbọ́dọ̀ dá òpó lóhùn. Agbára tí òpó fi ń sọ̀rọ̀ máa ń tó 20 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù 4G yín kì í lò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún wáàtì kan lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ketekete, tí òun á sì máa pariwo pé, “Haló! Haló! Mi ò gbọ́ yín o!” Ohùn òpó wọlé, ohùn yín ni kò jáde. Níbi tí ohùn bá ti ṣòro láti jáde, fóònù á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe, bátìrì á yára tán, ara rẹ̀ á sì gbóná. Àwọn tó ń bẹ̀rù ìtànṣán òpó, tí wọ́n ń sọ pé kí wọ́n má rì í sí àdúgbò, kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ èyí: nígbà tí òpó bá jìnnà tàbí tí ògiri bá dí i ni fóònù tó wà létí wa máa ń tú agbára jáde jù.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ilé lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Ẹ jáde síta. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà bí ẹ ti ń kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilé ló ń dí i. Bí ó bá pé pérépéré lójú fóònù ṣùgbọ́n tí nǹkan kò lọ, ẹ wo àyíká yín: ṣé èrò pọ̀ níbẹ̀? Ní ọjà Alábà lọ́sàn-án, tàbí ní LASU lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ọ̀kẹ́ àìmọye fóònù ló ń bẹ òpó kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òpó náà kò sì lè dá gbogbo wọn lóhùn. Bí gbogbo àdúgbò bá dákẹ́, tí ìta àti inú rí bákan náà, ó ṣeé ṣe kí iná ti tán lára òpó, tàbí kí katakata tó ń gbẹ́ títì ti já wáyà onígíláàsì tó so òpó mọ́ ara wọn. Láti ọdún 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì sí ọ̀nà mẹ́wàá, àwa tó ń gbé ẹ̀bá rẹ̀ mọ ohun tí ilẹ̀ gbígbẹ́ jẹ́. Nínú gbogbo àìsàn wọ̀nyí, ti àkọ́kọ́ nìkan ni ohun tí a bá ṣe sí ilé lè wò.

Fóònù yín fúnra rẹ̀ lè fún yín ní ìwọ̀n tó péye. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ọ̀pá kéékèèké tó wà lókè ojú fóònù, nítorí bí ó bá ṣe wu ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ni wọ́n ń yà wọ́n. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ wọ ibi ètò fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nípa fóònù náà, lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi ipò káàdì SIM. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí àmì ìyọkúrò ṣáájú rẹ̀, tí dBm tẹ̀ lé e. Ní 4G, -80 dára gan-an, -100 ti ń rẹ̀wẹ̀sì, -115 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nọ́ńbà yìí ń tan ènìyàn jẹ bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, nítorí ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi 10 bọ́ sílẹ̀, agbára náà ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí -80 lẹ́nu géètì, tí ẹ sì rí -110 nínú yàrá, ìdá kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ló wọlé. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún ilé kan ṣe ní láti mọ̀ wọ́n.

Ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bí fóònù yín bá ń gba SIM méjì, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì oríṣi méjì sí i, nítorí òpó MTN, ti Airtel, ti Glo àti ti T2, èyí tí a mọ̀ sí 9mobile tẹ́lẹ̀, kì í sábà dúró sí ìhà kan náà. Ibi tí ọ̀kan ti kú, èkejì lè máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò fi bẹ́ẹ̀ dára ládùúgbò yín, láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni òfin ti gbà wá láyè láti kó nọ́ńbà wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìpààrọ̀ rẹ̀. Bí 5G tàbí 4G bá ń já lẹ́nu yín, ẹ sọ fóònù kalẹ̀ sí 3G kí ẹ tó pè. Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn ńkọ́? Ẹ gbé tábìlì nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ síbi fèrèsé tí nọ́ńbà ti dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín gbùngbùn ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà kò le. Ẹ rántí fóònù orí tábìlì ayé ilé iṣẹ́ Starcomms àti Multi-Links, tó ní ẹ́ríà lórí? Irú rẹ̀ tó ń lo SIM GSM ṣì wà. Bí a bá so ẹ́ríà rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kékeré lórí òrùlé, tí a sì fa wáyà rẹ̀ wọlé síbi tí nọ́ọ̀sì wà, ilé ìwòsàn náà ti ní fóònù kan tí ògiri kò lè pa. Bákan náà, ẹ lè gbé ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 4G tó ní ẹ́ríà ìta, kí ó máa gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè, kí ó sì máa pín in bíi wáìfáì nísàlẹ̀. Ìpè WhatsApp á máa lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé wáìfáì parí iṣẹ́. Kóòdù tí ẹ ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tó sì ń parí pẹ̀lú háàṣì, kì í gba orí wáìfáì. Àfi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín àti fóònù yín bá jọ ń gba ìpè lórí wáìfáì, ìpè lásán àti àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì náà kò ní gba ibẹ̀. Ìyá arúgbó tó ní fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò sì rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ alákòóso ti máa ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Alábà, kí a ra búsítà.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Búsítà ń gba ohùn òpó láti ìta, ó ń mú un pariwo, ó sì ń tú u sílẹ̀ nínú ilé. Ohùn fóònù yín náà ló ń mú pariwo padà sí òpó. Bí ẹ́ríà ti òkè bá gbọ́ ohùn ẹ́ríà ti inú ilé, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, bí máìkì ṣe ń hu lóde àríyá tí wọ́n bá gbé e sún mọ́ sípíkà. A kì í fi etí gbọ́ híhu yìí, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbọ́ ọ. Ariwo ilé kan ṣoṣo lè bo ohùn gbogbo fóònù àdúgbò mọ́lẹ̀, tí wọn ò sì ní mọ ẹni tó ń ṣe wọ́n. Ilé ìwòsàn tó gbé búsítà burúkú sókè lè máa dí ẹni tó ń pe ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́.

Òfin sì wà lórí rẹ̀. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa lo ìgbì rédíò tí a ti fi ìwé àṣẹ fún ẹlòmíràn, gbogbo ẹ̀rọ tó bá sì fẹ́ wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2014, búsítà tí wọ́n ń tà fún ará ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́kun, ẹni tó rà á sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2018 ni wọ́n tó gba irú rẹ̀ kan láyè láìsí ìwé àṣẹ, pẹ̀lú àdéhùn tó le.

Ohun tó tọ́ fún ilé ńlá tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ̀ ni kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn wọ inú rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí yàrá kékeré kan, wọ́n á fa wáyà gba inú sílíńgì, wọ́n á sì so ẹ́ríà kéékèèké mọ́ àjà kọ̀ọ̀kan. Agbára tí irú ẹ́ríà bẹ́ẹ̀ ń lò kéré jọjọ, nítorí kò jìnnà sí fóònù, fóònù pàápàá á dẹ̀rọ̀. Ètò tó dára jù ni èyí tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ ń lò. Aláìsàn kì í wo irú SIM tí ilé ìwòsàn fẹ́ràn kó tó ṣàìsàn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ní London, níbi tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni èrò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fi wà láìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni 4G kọ́kọ́ wọ apá kan ọ̀nà Jubilee, láti Westminster dé Canning Town.

Owó ni àwọn alákòóso máa ń sọ pé kò sí. Òótọ́ ni pé owó ń lọ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un wọ́n jù ni pé a máa ń dúró títí ilé á fi parí, títí wọ́n á fi kùn ún, kí a tó wá máa dá ihò sí ara ògiri. Páìpù ọ̀rá tí wáyà máa gbà, tí a tò sínú dẹ́kìn kí kọnkéré tó dé, kò lè fi bẹ́ẹ̀ kún owó ilé. Orílẹ̀-èdè Singapore ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá kọ́ ilé ńlá gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì gbọdọ̀ gba owó háyà lórí àyè náà. Èrò tèmi ni pé irú òfin bẹ́ẹ̀ bá Èkó mu. Àjọ tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé wà, LASBCA tó ń ṣàyẹ̀wò ilé kíkọ́ wà, LASIMRA tó ń bójú tó òpó àti wáyà wà. Kò sí ìdí tí wọn kò fi lè béèrè nínú pílánù ilé ìwòsàn, ilé ẹjọ́, ilé ìwé tàbí ọjà alájà pé: níbo ni wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gbà?

Fún àwa tí a wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àǹfààní ńlá wà nílẹ̀ báyìí. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí wọ́n ṣètò láti Marina dé Òkókómáíkò jẹ́ kìlómítà 27. Apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 láti Marina sí Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Apá tó kù ni tiwa. Ibùdókọ̀ olókè, òrùlé páànù, ògiri kọnkéré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo ohun tó ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa pàdé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe aṣojú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ní Ìbà, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ ṣáájú kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kún un. Bí SIM yín kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, tí òpó ẹlòmíràn sì wà nítòsí, ìlànà GSM ni pé ìpè 112 lè gba orí òpó yòówù tí fóònù bá rí. Èkó tún ń lo 767, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ti dákẹ́, 112 ni kí ẹ tẹ̀.

Bí ilé kan ládùúgbò yín bá ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má kàn máa kùn sí ara yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ bá alákòóso ilé náà pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ó fi wọ́n kọ̀wé sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin náà, ẹ pe 300, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà oníbàárà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo. Ẹ sọ orúkọ ilé náà, àjà tó wà, aago tí ẹ fi dán an wò, àti ohun tí fóònù kọ nínú ilé àti níta. Ẹ gba nọ́ńbà ìfisùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ pe àjọ NCC lórí 622, kí ẹ ka nọ́ńbà ìfisùn náà fún wọn. Ìpè ọ̀fẹ́ ni.